Ìrìn ni ó kọ́ mi ní eré sísá

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ ní Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì kan fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé ìwòsàn, ó ní kí n jókòó sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sì kọ 152 lé 96 sínú káàdì mi. Ẹni ọdún 46 ni mí nígbà náà, ìwọ̀n ara mi sì jẹ́ kílógíráàmù 93. Dókítà kọ oògùn fún mi, ó kìlọ̀ fún mi nípa iyọ̀, lẹ́yìn náà ó sọ pé ara tí ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Mo bi í bóyá kí n máa sáré. Ó dáhùn pé, "Ẹ kọ́kọ́ máa rìn ná, sà." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò gbà á wọlé, nítorí lójú mi nígbà náà, ìrìn kì í ṣe eré ìdárayá rárá, ohun tí ènìyàn fi ń lọ ra búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ni.

Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo wọ bàtà káńfáàsì tí mo ti rà láti ìgbà pípẹ́, mo ṣí géètì, mo sì ki eré mọ́lẹ̀ ní òpópónà wa ní Bódìjà. N kò tíì sá tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ẹni pé wọ́n dáná sínú rẹ̀, ẹnu mi korò bí ẹni lá irin, mo sì ní láti jókòó sí etí gọ́tà kan kí èémí mi tó padà bọ̀ sípò. Mo sinmi fún ọjọ́ méjì, mo tún jáde, ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀. Èrò mi ni pé ìgboyà mi ni kò tó, nítorí náà ni mo ṣe ń fi kún agbára ní gbogbo ìgbà tí mo bá jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ojúgun mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, débi pé bí mo bá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun náà, mo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Mo dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹrin mo tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà kan náà gan-an, nígbà tí oṣù kẹfà sì fi máa wọlé, mo ti padà sórí àga, mo sì ti gbà pé a kò dá ara tèmi fún eré sísá.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ó ń ṣe. Ibi tí púpọ̀ nínú wa ti sáré kẹ́yìn ni ilé ẹ̀kọ́, ní ọjọ́ ìdíje ilé-sí-ilé, nígbà tí wọ́n ti fa ìlà funfun sórí pápá, tí àwọn òbí jókòó sábẹ́ kánópì, tí a sì ń sá 100 mítà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èmi fúnra mi ń sá 100 àti 200 mítà fún ilé tí wọ́n fi mí sí, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí olùkọ́ kan sọ fún wa pé eré kan wà tí a kì í fi díje. Èdè wa pàápàá ń tì wá síbẹ̀: bí a bá wí fún ọmọ pé "sáré wá", ohun tí a ń sọ ni pé kí ó yára, bí ẹnì kan bá sì ṣe nǹkan láìronú, a ní ó sáré ṣe é ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pinnu ní ọdún 46 pé òun yóò máa sáré ti kó ìkánjú wọ inú ìpinnu náà kí ó tó de okùn bàtà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún púpọ̀, ni ó tú mi sílẹ̀ nínú èrò yìí. Ó pè mí ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù keje láti béèrè ìlera mi, mo sì ròyìn bí eré ṣe kọ̀ fún mi. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ìṣẹ́jú mélòó ni o máa ń fi rìn nínú rẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kì í rìn. Bí ó bá ti rẹ̀ mí ni mo máa ń dúró." Ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà." Ó wá ṣàlàyé ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án kan tí iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ń fi fún ẹni tí kò sáré rí, èyí tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K, ìyẹn láti orí àga dé eré kìlómítà 5. Ọjọ́ mẹ́ta ni ènìyàn ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ ìsinmi sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ọjọ́ kan sí èkejì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ènìyàn yóò kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà yóò sáré fún ìṣẹ́jú kan péré, yóò rìn fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí 20 ìṣẹ́jú yóò fi pé. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú 8 ni gbogbo eré tí ó wà nínú rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn aláìsàn ni wọ́n ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún, kì í ṣe ọkùnrin tí ó ti gba ẹ̀bùn rí lórí pápá. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ mí dáadáa. Ó ní kí n ṣe é nítorí tòun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n má yọ nínú rẹ̀, kí n má sì fi kún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, nǹkan méjì ni mo ṣàkíyèsí. Nígbà tí fóònù dún pé àkókò ti tó láti rìn, kò tíì rẹ̀ mí rárá, ara mi sì ń fẹ́ kí n máa bá eré lọ. Nígbà tí mo sì sáré ẹ̀ẹ̀kẹjọ tán, mo ṣì ní agbára tí mo fi gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdi irin rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní, n kò padà sílé rí kí orúnkún mi má máa gbọ̀n. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn: ènìyàn gbọ́dọ̀ rìn kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìrìn jẹ́ ohun tí eré ń bàjẹ́ sí, pé ẹni tí eré bá ti já mọ́ lọ́wọ́ ni ó ń rìn. N kò mọ̀ pé ìrìn tí a bá rìn nígbà tí agbára ṣì wà máa ń dá agbára náà padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n èyí tí a bá rìn lẹ́yìn tí agbára ti tán kì í rí nǹkan kan dá padà, nítorí èémí ti dàrú, itan ti wúwo, ọkàn náà sì ti ń lù kìkì.

Mo máa ń fi ìka méjì ka ìlù ọkàn mi ní ọrùn. Ìṣirò kan wà tí àwọn dókítà máa ń lò láti mọ ibi tí ọkàn lè lù dé, tí ó jẹ́ àbá lásán nítorí ara yàtọ̀ sí ara: kí a yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Tèmi jẹ́ 174. Nígbà tí mo ń ki eré mọ́lẹ̀, mo máa ń bá a ní nǹkan bí 170, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òkè téńté ni mo ń gbé láti ìṣẹ́jú kejì. Pẹ̀lú ètò tuntun yìí, ó ń wà láàárín 130 àti 145, bí mo bá sì ti rìn fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, yóò ti sọ̀kalẹ̀ dé 115 tàbí kí ó dín díẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù sílẹ̀ nílé, nítorí n kò fẹ́ máa gbé e kiri ní ìdájí, mo sì ń fi òpó iná ka ọ̀nà. Ní òpópónà wa, àlàfo òpó kan sí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo ń sáré láti òpó kan dé èkejì, mo sì ń rìn òpó méjì. Nígbà tí ó yá, mo ń sáré òpó méjì, mo ń rìn méjì. Mo fẹ́ràn ètò òpó yìí ju ti aago lọ, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ó bá bi mí, nítorí ojú ń rí ibi tí ìsinmi wà, ọkàn a sì balẹ̀. Òfin kan ni mo fi kún un fúnra mi, pé òkè kò sí nínú ìṣirò. Bí òkè bá dé, mo ń rìn, ì báà jẹ́ pé òpó eré ni ó kàn, ẹni tí ó bá sì mọ Ìbàdàn mọ̀ pé òkè kan kì í jìnnà sí èkejì.

Ní ti bí eré náà ṣe gbọ́dọ̀ lọ́ra tó, ẹ̀gbọ́n mi ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wọn ni pé kí ènìyàn lè sọ odindi gbólóhùn kan kí èémí má sì já a sí méjì. N kò ní ẹni tí mo lè máa bá sọ̀rọ̀ ní ìdájí, ṣùgbọ́n mo ní àwọn àgbà àdúgbò. Màmá kan máa ń gbá iwájú ilé rẹ̀ ní aago mẹ́fà, bàbá kan sì máa ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Dandan ni kí n kí wọn, ìkíni ọ̀hún kò sì ṣe é gé kúrú: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa ni a jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́ ilé o." Nígbà tí mo ń sá eré àsápajúdé, ìdajì "ẹ káàárọ̀" ni ó máa ń jáde lẹ́nu mi, mo sì máa ń kọjá kí màmá náà tó gbójú sókè. Mo wá sọ ìkíni náà di òṣùwọ̀n: bí n kò bá lè kí i tán, kí n sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, eré mi ti pọ̀ jù. Òṣùwọ̀n yìí péye ju aago tí mo rà lẹ́yìn náà lọ. Eré tí ó bá wà ní ìwọ̀n yìí máa ń lọ́ra gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń rìn kánmọ́kánmọ́ lè bá a dọ́gba, ó sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ọkàn mi tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí.

Ọ̀rọ̀ ojúgun mi náà ṣe pàtàkì, mo sì fẹ́ kí olùbẹ̀rẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí ìrora náà tún yọjú ní oṣù kẹjọ, mo lọ rí onímọ̀ ìtọ́jú iṣan àti egungun kan. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè kọ́ṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí ènìyàn yóò ti máa lọ dáadáa. Egungun, àti àwọn okùn líle tí ó so iṣan mọ́ egungun, ni kì í yára. Oṣù ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Nígbà tí a bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan kì í kúrò nílẹ̀ kí èkejì tó balẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sáré, ẹsẹ̀ méjèèjì ń kúrò nílẹ̀ pọ̀, gbogbo ara á sì já lé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára tí ó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara náà. Fún ẹni kílógíráàmù 93, ìyẹn ju 180 lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan títì. Egungun tí a bá fún ní iṣẹ́ díẹ̀, tí a sì jẹ́ kí ó sinmi, yóò le sí i. Èyí tí a bá tún gbé iṣẹ́ lé kí ó tó tún ara rẹ̀ ṣe yóò máa ro ni, bí a bá sì tẹnpẹlẹ mọ́ ọn, ó lè sán. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nínú àlàyé rẹ̀ ni pé ìgbà tí ewu pọ̀ jù ni ìgbà tí èémí ti dára tí egungun kò tíì ṣe tán, nítorí ìgbà náà gan-an ni inú ènìyàn máa ń dùn jù, tí yóò sì máa fi kún eré. Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Inú ojúgun ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Onímọ̀ náà tún ní kí n pààrọ̀ bàtà mi, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì rí èyí tí ó dára nínú òkìríkà.

Síbẹ̀, kì í ṣe èémí, kì í sì í ṣe egungun, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà. Ìtìjú ni. Ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan wà ní ìkóríta tí mo máa ń gbà kọjá, àwọn ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ a sì máa tètè dé. Bí wọ́n bá rí mi tí mo ń sáré, wọn á pariwo pé, "Ẹ ki eré mọ́lẹ̀, Dádì!" Bí wọ́n bá rí mi tí mo ń rìn, wọn á ní, "Ó ti rẹ̀ yín ni? Ẹ má dúró o!" Wọn kò ní ibi lọ́kàn; ìṣírí ni wọ́n rò pé àwọn ń fún mi. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo ń to òpó mi kí ó lè jẹ́ pé eré ni yóò bọ́ sí iwájú wọn, mo sì ń sá a kọjá ìwọ̀n, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo sá gun òkè tí ó wà lẹ́yìn ìkóríta náà nítorí ojú wọn, tí ojúgun mi sì fi ọjọ́ mẹ́rin jẹ mí níyà. Nítorí ìtìjú yìí ni mo ṣe kọ ìrírí mi sílẹ̀. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin pàápàá, tí ojú ọ̀nà máa ń le sí ju tiwa lọ, mo sì gbà pé ìtìjú pé kí a máà rí mi tí mo ń rìn ti dá wọn padà ju ìrora lọ.

Mo dúró lọ́jọ́ kan lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì náà, mo sì ṣàlàyé fún un pé kò rẹ̀ mí, pé ìrìn náà wà nínú ètò. Ó ronú díẹ̀, ó wá ní, "Ó yé mi, Dádì. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, a kì í tẹ iná fún un. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ la máa ń wà á títí àwọn irin inú rẹ̀ á fi mọ ara wọn." N kò tíì gbọ́ àlàyé tí ó dára ju ìyẹn lọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn tí wọ́n fi eré sísá ṣe iṣẹ́.

Ìrìn nínú eré kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ fún àwọn ọ̀lẹ. Jeff Galloway, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó sá 10,000 mítà ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Munich ní 1972, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ láti 1974 pé kí wọ́n da ìrìn pọ̀ mọ́ eré láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Mo ronú sí i pé ẹni tí ó ti bá àwọn tí ó yára jù lágbàáyé dúró lójú ìlà ni ó ń sọ pé kí a rìn, ìtìjú mi sì fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní Burgess Park ni òun ti máa ń kópa nínú parkrun ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé: kìlómítà 5, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá fẹ́ sáré a sáré, ẹni tí ó bá fẹ́ rìn a rìn. Ènìyàn 13 péré ni ó sá ti àkọ́kọ́ ní Bushy Park, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2004. Ohun tí ó wù mí jù nínú ìròyìn rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń yan ẹnì kan láti rìn lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, kí ó má baà sí olùkópa kankan tí yóò jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ìbá dára kí àwọn ẹgbẹ́ tí ń sáré ní ìlú wa gba àṣà yìí, nítorí mo ti bá ẹgbẹ́ kan jáde rí tí wọ́n fi gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó dé ìyànà kejì.

Ní ọjọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án náà ní kí a sáré fún 20 ìṣẹ́jú láìrìn rárá. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlá, n kò lè kí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rìn padà sílé, mo sì tún ọ̀sẹ̀ kẹrin ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ 17 ni mo fi parí ohun tí wọ́n pè ní 9, n kò sì kábàámọ̀ ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo parí rẹ̀ tán, tí mo ti lè sáré fún ìlàjì wákàtí láìdúró, mo yàn láti padà sídìí ìrìn: mo ń sáré ìṣẹ́jú 4, mo ń rìn 1. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sá kìlómítà 10 àkọ́kọ́ mi ní oṣù kejì ọdún 2023, lábẹ́ àwọn igi inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 22. Kìlómítà kẹwàá ni ó yá jù nínú gbogbo rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni díje, mo sì jẹun àárọ̀ pẹ̀lú ìdílé mi lẹ́yìn rẹ̀ láìsùn lé oúnjẹ lórí.

Aago mẹ́fà kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa ń jáde, nítorí bí ó bá ti di aago mẹ́jọ, oòrùn Ìbàdàn á ti máa gba agbára tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ lò. Mo ń kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, n kì í kọ ẹ̀yìn sí i. Ní àárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí afẹ́fẹ́ tutù tí ó sì wúwo, òógùn kì í gbẹ lára, mo sì máa ń fi òpó ìrìn kan kún un. Ìfúnpá mi wà ní 128 lé 82 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Mo ṣì ń lo oògùn mi, dókítà sì ti dín in kù. Òun ni ó rán mi létí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìrìn kánmọ́kánmọ́ mọ́ ara 150 ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi lo ara láàárín ọ̀sẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó ní kí n rìn tí n kò gbọ́.

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí a dé òpó tí ó yẹ kí a ti sáré, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo, ó sì ní kí n máa lọ níwájú. Mo ní a kò ní sáré lónìí. A rìn yí ká àdúgbò fún ìlàjì wákàtí, a gun òkè ẹ̀yìn ìkóríta ní ìrìn, ó sì kí màmá tí ń gbálẹ̀ dáadáa, wọ́n tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó tòmátì. Ní Ọjọ́bọ̀, ó sáré ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó rìn ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó sì bi mí ní ẹnu géètì pé ọjọ́ wo ni ó tún kàn.